Ìwé Ìgbélùú Mi ní Wínípẹ́gì àti Ọ̀rọ̀ Kẹ́hìndé

Ẹni tó bá bi mí bí Kánádà ṣe rí, mo máa ń sọ fún un pé kó lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń ta ẹja tútù, kó ní kí wọ́n ṣí fìrísà fún òun, kó ki orí bọ inú rẹ̀, kó sì wà níbẹ̀ fún oṣù márùn-ún. Wọ́n á rẹ́rìn-ín. Wọ́n rò pé àwàdà ni. Àwàdà díẹ̀ wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n oṣù márùn-ún yẹn kì í ṣe àwàdà.

Ó ti pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta báyìí tí mo ti dé sí Ìjẹ̀bú-Òde, ìbéèrè kan náà sì ni tàgbà tèwe ń bi mí: ṣé lóòótọ́ ni ìjọba òyìnbó fún mi níwèé pé kí n máa gbé ìlú wọn títí tó bá wù mí? Òótọ́ ni. Bí mo ṣe rí ìwé náà gbà ni wọn kì í dúró gbọ́. Ọ̀rọ̀ náà gùn, kì í ṣe ohun tí a ń sọ lórí ìdúró, ó sì kan ìyá mi àti ẹ̀gbọ́n mi Kẹ́hìndé. Ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹnu mi lè sinmi.

Afẹ́fẹ́ tó gbá mi létí

Télọ̀ ni mí. Ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ ni mo ti dàgbà nílé wa níbí, òun náà ló sì gbé mi dé ilé iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń rán kóòtù òtútù ní ìlú Wínípẹ́gì ní Kánádà. Nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ orúkọ ìlú yẹn, mo rò pé oògùn ibà ni.

Mo ra kóòtù kan lọ́jà òkìrìkà kí n tó lọ, mo sì rò pé mo ti gbára dì. Bí mo ṣe jáde sí gbangba lọ́jọ́ tí mo balẹ̀ síbẹ̀, afẹ́fẹ́ kan fẹ́, mo yíjú padà kí n lè mọ ẹni tó gbá mi létí. Kò sí ẹnì kankan lẹ́yìn mi. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, mo fọ ṣòkòtò, mo sá a síta bí a ti ń ṣe nílé. Nígbà tí mo padà lọ ká a, ó ti gan, ó le bíi pákó. Mo gbé e nàró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó dúró fúnra rẹ̀. Mo kí i kú ìdúró.

Àwọn ènìyàn ibẹ̀ ńkọ́? Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́, àwọn ni kò jẹ́ kí n sá padà wálé. Nínú bọ́ọ̀sì, wọn kì í wojú ara wọn. Mo máa ń wọlé, mo máa ń kí gbogbo ọkọ̀ pé ẹ káàárọ̀ lédè wọn, ojú fèrèsé ni wọ́n máa ń kọjú sí. Mo pè wọ́n ní aláìlẹ́kọ̀ọ́ nínú ọkàn mi. Lọ́jọ́ kan ni yìnyín gbé mi ṣubú lẹ́bàá títì. Kí n tó pe Ọlọ́run, ènìyàn mẹ́ta ti yọ láti ibi tí n kò mọ̀, wọ́n gbé mi dìde, ọ̀kan ń gbọn aṣọ mi, ọ̀kan ń mú fìlà mi, ẹ̀kẹta ń bẹ̀ mí bí ẹni pé òun ló tì mí. Wọ́n sì lọ. Kò sí ẹni tó sọ orúkọ rẹ̀, kò sí ẹni tó dúró gba ọpẹ́. Láti ọjọ́ yẹn ni n kò ti bú wọn mọ́.

Obìnrin tí wọ́n ń pè ní Baba

Ilé ìyá àgbà opó kan ni mo gbé. Òun náà kì í ṣe ọmọ ibẹ̀. Ilẹ̀ Yukiréènì ló ti wá, ogun ló lé e kúrò nílé nígbà tó wà lọ́dọ̀ọ́. Àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ ń pè é ní Baba, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pe ìyá àgbà lédè wọn. Èmi ọmọ Ìjẹ̀bú, mo wá ń dọ̀bálẹ̀ láràárọ̀ fún obìnrin tí mo ń pè ní Baba. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó rò pé nǹkan ló já bọ́ lọ́wọ́ mi, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti bá mi wá a. Nígbà tó yé e tán, bí mo bá gbàgbé láti dọ̀bálẹ̀, ó máa ń dúró sẹ́nu ọ̀nà kíṣìnnì, á sì máa fi ìka tọ́ka sílẹ̀.

Gẹ̀ẹ́sì tèmi àti tirẹ̀ jọ ń tiro ni, síbẹ̀ a gbọ́ ara wa yé. Ọbẹ̀ kan wà tó máa ń sè, ó pupa bí osùn. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rí i, inú mi dùn, mo ní ata ti dé. Mo bu ṣíbí kan sẹ́nu, àṣé nǹkan kan tó ta gbòǹgbò lábẹ́ ilẹ̀ ni, dídùn ló ń dùn! Mo fi ọ̀wọ̀ jẹ ẹ́ tán. Èmi náà ní kí n se ìkọ́kọrẹ́ fún un. Kò sí ewùrà, ni mo bá rin ànàmọ́ òyìnbó. Ohun tó jáde nínú ìkòkò lọ́jọ́ náà, mi ò ní sọ orúkọ rẹ̀. Baba tọ́ ọ wò, ó ronú díẹ̀, ó ní, "Nígbà tí ara rẹ bá yá, wàá tún un sè."

Fọ́tò àwa méjèèjì

Lẹ́yìn ọdún mẹ́rin, ọ̀gá ilé iṣẹ́ wa kọ̀wé fún mi pé iṣẹ́ mi dára, kí ìjọba jẹ́ kí n dúró. Mo kọ gbogbo fọ́ọ̀mù tán. Ó wá ku ẹyọ ohun kan, ìyẹn ìwé ìbí. Èmi tí wọ́n bí sílé ní Ayépé, lọ́wọ́ ìyá ìyá mi, níbo ni mo ti fẹ́ rí ìwé ìbí? Wọ́n ní kí ìyá mi lọ búra ní kóòtù nílé. Ìyá mi, tó ń ta abọ́ tánńganran ní Ìjẹ̀bú-Òde títí dòní, ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pa, ó lọ búra, ó fi ìwé náà ránṣẹ́, ó sì fi fọ́tò kan kún un kó lè tẹ̀wọ̀n.

Kóòtù ti lẹ àpò ìwé náà pa, n kò sì tú u. Mo gbé e bẹ́ẹ̀ lọ sí ọ́fíìsì ìjọba ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Disẹ́ńbà. Àṣìṣe mi nìyẹn.

Obìnrin onírun pupa kan ló dá mi lóhùn. Mo kí i kú iṣẹ́, mo bèèrè àlàáfíà ilé àti ọmọ. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó sì ṣí fáìlì mi. Ó ka ìwé ìyá mi. Ó wo fọ́tò. Ó wo ojú mi.

"O kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù pé o kò ní arákùnrin, o kò sì ní arábìnrin," ó ní.

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Ìyá rẹ sì búra pé ọjọ́ kan náà lòun bí ìwọ àti Kẹ́hìndé, àti pé ẹ̀yin méjèèjì wà." Ó yí fọ́tò náà sí mi. "Ẹ sì jọra gan-an."

Báwo ni a ò ṣe ní jọra? Èmi ni mo jókòó lápá ọ̀tún, èmi náà ni mo jókòó lápá òsì.

Àwọn àgbà tó ń ka èyí ti mọ̀ ọ́n, àmọ́ ẹ jẹ́ kí n là á fáwọn ọmọ ìwòyí. Nílé wa, a kì í sọ pé ìbejì kú. Bí ọ̀kan bá lọ, a máa ń ní ó lọ sọ́jà, tàbí ó wá igi lọ. Ìyá mi gbà pé bí ẹnu bá sọ ọ̀rọ̀ yẹn, èyí tó kù á gbọ́, á sì tẹ̀lé ìkejì rẹ̀. Kẹ́hìndé lọ nígbà tí àwa méjèèjì kò tíì lè rìn. Nígbà tí mo pé ọmọ ọdún méje, ìyá mi mú mi lọ sọ́dọ̀ onífọ́tò, ó ní kó ya àwa méjèèjì. Onífọ́tò kò bèèrè ẹnì kejì, ó mọ iṣẹ́ rẹ̀. Ó gbé mi jókòó lápá ọ̀tún, ó yà mí. Ó gbé mi jókòó lápá òsì, ó tún yà mí. Ó wá fọ àwọn méjèèjì pọ̀ sórí ìwé kan. Ara ògiri pálọ̀ wa ni fọ́tò yẹn wà, mo sì máa ń dúró níwájú rẹ̀, mo máa ń ṣe kàyéfì pé èwo nínú wọn ni èmi. Nítorí náà, èmi tí mo kọ "kò sí", n kò rò pé mo purọ́. Ìyá mi tó búra pé ó wà, òun náà kò purọ́.

Ẹ wá bá mi ṣàlàyé ìyẹn fún onírun pupa.

"Ó lọ sọ́jà," mo wí.

"Ọjà wo? Ìgbà wo ni yóò dé?"

Ọ̀rọ̀ náà dé orí ahọ́n mi, ó sì padà. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni mí, n kò fi ẹnu mi sọ ọ́ rí.

Kò bínú. Ó dín ohùn rẹ̀ kù, ó ní ọ̀nà méjì ló wà. Bí arákùnrin mi bá wà, kí n kọ iṣẹ́ rẹ̀ àti àdírẹ́ẹ̀sì rẹ̀ sínú fọ́ọ̀mù, ọ̀rọ̀ parí lójú ẹsẹ̀. Bí kò bá sí, kí ìyá mi lọ búra lẹ́ẹ̀kejì pé ó ti kú. Ó fún mi ní oṣù mẹ́ta. Bí oṣù mẹ́ta bá kọjá láìsí ìdáhùn, wọ́n á pa fáìlì mi dé, mà á sì kó ẹrù mi padà sílé.

Àwo tó wà níwájú àga òfìfo

Oṣù kan gbáko ni mo fi gbé ọ̀rọ̀ náà kiri. Ọ̀nà àkọ́kọ́ rọrùn, ó sì wù mí. Mo ti ń bá Kẹ́hìndé wá iṣẹ́ nínú ọkàn mi. Mo sọ ọ́ di oníṣòwò ní Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀, mo gbé ìyàwó fún un, mo ti ń bá a kan òrùlé.

Àwọn èèyàn Baba máa ń ṣe Kérésìmesì tiwọn nínú oṣù Jánúárì. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú rẹ̀, ó se oúnjẹ oríṣi méjìlá, kò fi ẹran sí ìkankan. Kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án títí ìràwọ̀ àkọ́kọ́ yóò fi yọ. Èmi àti àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ wà lójú fèrèsé, à ń wá ìràwọ̀ bí a ti ń wá oṣù nílé nígbà ààwẹ̀, ebi náà kò sì yàtọ̀. Nígbà tí a jókòó, mo rí àwo kan àti ṣíbí kan níwájú àga òfìfo. Mo bi í bóyá ẹnì kan ṣì ń bọ̀.

"Ti ọkọ mi ni," ó ní. Ó bu oúnjẹ sí i kó tó bu tèmi.

Ẹ̀yin ará ilé, mo fẹ́ràn obìnrin yẹn gan-an nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Nígbà tí àwọn ọmọ jẹun tán, mo rò gbogbo rẹ̀ fún un: Kẹ́hìndé, fọ́tò, onírun pupa, títí kan òwò tí mo ti dá sílẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀. Kò rẹ́rìn-ín.

"Má purọ́ fún ìwé," ó ní. "Lẹ́yìn ogun, mo yọ ọdún márùn-ún kúrò nínú ọjọ́ orí mi kí wọ́n lè gbà mí síṣẹ́. Nígbà tó tó àkókò tó yẹ kí n fẹ̀yìn tì, ìwé ní mi ò tíì dàgbà. Ọdún márùn-ún ni mo tún fi fọ ilẹ̀ ọ́fíìsì, lórí orúnkún yìí."

"Ìyá mi ò ní lè sọ ọ́, Baba."

"Ṣé o ti bi í?"

N kò tíì bi í. Láti ìgbà tí ọ̀rọ̀ yẹn ti bẹ̀rẹ̀, èmi ni mo ń bá ìyá mi dáhùn.

Ohùn ìyá mi ní kíṣìnnì

Akẹ́kọ̀ọ́ kan, ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó, ń lọ sílé lọ gbéyàwó lọ́sẹ̀ yẹn. Ìyá mi kò mọ̀wé, nítorí náà mo sọ̀rọ̀ sínú kásẹ́ẹ̀tì, kí akẹ́kọ̀ọ́ náà bá mi mú un lọ. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo pa á rẹ́. Níkẹyìn, mo sọ fún ìyá mi pé àwọn òyìnbó ń bèèrè Kẹ́hìndé, wọ́n sì fẹ́ kó lọ búra nípa ibi tí Kẹ́hìndé wà gan-an. Mo ní, "Bí ẹ kò bá lè sọ ọ́, Ìyá mi, ẹ má sọ ọ́. Mà á kó ẹrù mi wálé. Ẹ̀rọ ìránṣọ pọ̀ ní Ìjẹ̀bú-Òde." Ọkàn mi ni mo fi sọ ọ́, mo sì pa rédíò Baba tí mo fi gba ohùn mi sílẹ̀.

Jánúárì parí, Fẹ́búárì ń lọ. Ó ku ọjọ́ mẹ́sàn-án kí oṣù mẹ́ta pé nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ náà kanlẹ̀kùn, òun àti ìyàwó tuntun tí eyín rẹ̀ ń gbá ara wọn nítorí òtútù. Àpò ìwé kan àti kásẹ́ẹ̀tì kan ni wọ́n mú bọ̀. Mo fi kásẹ́ẹ̀tì sínú rédíò Baba ní kíṣìnnì.

"Táíwò, ọmọ mi," ìyá mi ní. "Àlàáfíà ni mo wà, alihamudulilahi. Mo gbọ́ ohun tí o wí. Mo lọ sí kóòtù. Mo sọ fún akọ̀wé pé kó kọ ọ́ lédè òyìnbó, kí n tẹ̀ka, kí n máa lọ, kí etí mi má gbọ́ ọ. Ó ní òfin ò gbà á. Ó ní ẹni tí kò bá mọ̀wé, àfi kóun kà á fún un ní Yorùbá, kó sì dáhùn, kó tó tẹ̀ka. Mo ní kó kà á jẹ́jẹ́. Ọmọ dáadáa ni, ó pa ilẹ̀kùn dé. Ó kà á. Ó ní, 'Ìyá, ṣé bẹ́ẹ̀ ni?'"

Kásẹ́ẹ̀tì ń yí. Mo ń gbọ́ adìyẹ lẹ́yìnkùlé wa.

"Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n tí mo fi ṣọ́ ẹnu mi nítorí rẹ, Táíwò, bẹ́ẹ̀ ni kan ṣoṣo ni mo fi tú u. Mo rin ìlú yí ká lọ́jọ́ náà kí n tó lè wọlé. Bó o bá ní kí n lọ sọ ọ́ ni, ǹ bá kọ̀. Ìgbà tó o ní kí n má sọ ọ́ ni mo rí i pé ó yẹ kí n sọ ọ́. Ohun kan ṣoṣo ló ń bà mí lẹ́rù: ìwọ nìkan lo wà lọ́hùn-ún. Bí ẹnì kan tí o kò rí bá pè ọ́ láti ẹ̀yìn, má jẹ́ ẹ."

Baba kò gbọ́ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan nínú Yorùbá. Ó pa iná abẹ́ ìkòkò rẹ̀, ó fa àga, ó jókòó tì mí.

Mo tú ìwé náà. Lẹ́yìn gbogbo gbólóhùn gígùn tí àwọn ará kóòtù fẹ́ràn, mo kà á pé ibà ló pa Kẹ́hìndé ní Ayépé, ọmọ oṣù mẹ́jọ ni, ẹ̀yìn ilé ìyá ìyá mi ni wọ́n sì sin ín sí. N kò mọ ìkankan nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Àmì àtàǹpàkò ìyá mi wà nísàlẹ̀. Ó tẹ̀ ẹ́ le débi pé yíǹkì náà fọ́n.

Ẹni tó kọ́kọ́ kí mi

Lọ́jọ́ kejì, onírun pupa ka ìwé náà lẹ́ẹ̀mejì. Ó gbójú sókè.

"Mo gbọ́dọ̀ gbọ́ ọ lẹ́nu tìrẹ náà," ó ní. "Ṣé òótọ́ ni?"

Mo di etí àga mú. "Òótọ́ ni. Kẹ́hìndé ti kú."

Mo ń retí nǹkan kan, n kò mọ ohun tí mo ń retí. Àjà kò já lé mi lórí. Ẹnì kan ń fi ẹ̀rọ tẹ̀wé nínú yàrá kejì, kò dá a dúró. Obìnrin náà gbé bírò rẹ̀ sílẹ̀, ó ní, "Ẹ kú àṣẹ̀hìndè," ní Gẹ̀ẹ́sì tiwọn, bí àwọn náà ti ń sọ ọ́. Ẹ̀yin èèyàn mi, láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi, òun ni ẹni àkọ́kọ́ tó kí mi kú ọ̀fọ̀ ẹ̀gbọ́n mi.

Mo pe Kẹ́hìndé ní ẹ̀gbọ́n, ìyẹn tún rú obìnrin náà lójú, nítorí ìwé sọ pé èmi ni mo kọ́kọ́ jáde. Mo ṣàlàyé fún un pé Kẹ́hìndé ni àgbà, òun ló rán mi ṣáájú pé kí n lọ tọ́ ayé wò wá fún òun.

Ó wo fèrèsé, níbi tí yìnyín ti ń bọ́. "Ó mà rán ọ lọ́nà jíjìn o," ó ní. Ó gbé òǹtẹ̀, ó lù ú.

Mo bẹ̀ ẹ́ kó fún mi ní ìwé ìyá mi padà. Fọ́tò ló fún mi. Ó ní ìwé tí wọ́n bá ti búra sí kì í jáde mọ́, inú fáìlì mi ni yóò wà. Mo bẹ̀ ẹ́ títí, kò gbà. Bí mo ṣe jókòó sí ibi tí mo ti ń dúró de bọ́ọ̀sì, pẹ̀lú ìwé ìgbélùú lápò, ẹkún gbà mí. Ọkùnrin kan tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi na bébà ìnujú sí mi, kò sì wo ojú mi rárá. Mo ti mọ̀ wọ́n nígbà yẹn. Ọ̀wọ̀ ló ń bù fún mi.

Ní Ìjẹ̀bú-Òde

Nígbà tí mo dé ilé, ooru dì mọ́ mi lọ́rùn, mo sì dì mọ́ ìyá mi. Ó ti tín-ín-rín ju bí mo ṣe fi í sílẹ̀ lọ. Ó fọwọ́ kan ojú mi, apá mi, etí mi, bí ẹni tó ń yẹ abọ́ wò bóyá ó sán. Fún ọ̀sẹ̀ méjì, kò mẹ́nu kan kóòtù, èmi náà kò mẹ́nu kàn án. Ẹ̀rù ń bà mí láti sọ fún un pé n kò rí ìwé rẹ̀ gbà padà. Lójú tèmi, ọ̀rọ̀ tó nira fún un tó bẹ́ẹ̀ láti sọ, mo ti fi sílẹ̀ sọ́wọ́ àlejò.

Ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀ tó kọjá, a jọ ń to abọ́ wọlé láti ṣọ́ọ̀bù.

"Ìwé tí mo tẹ̀ka sí yẹn," ó ní, "ibo ló wà?"

"Ó wà lọ́hùn-ún, Ìyá mi. Ẹ má bínú. Mo bẹ̀ wọ́n, wọn ò dá a padà."

"Wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ síbẹ̀?"

"Wọ́n kọ ọ́."

"Tìrẹ náà ńkọ́?"

"Inú fáìlì kan náà ni àwa méjèèjì wà."

Ó gbé abọ́ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ lé orí ìyókù. "Ṣé wọn ò ní jù ú nù?"

"Wọn kì í ju ìwé nù níbẹ̀, Ìyá mi. Bí mo bá wà níbẹ̀ títí mo fi darúgbó, ibẹ̀ náà ló máa wà."

Mo ti ń wá ọ̀rọ̀ tí mà á fi tù ú nínú nígbà tí mo rí i pé ó ń mi orí díẹ̀díẹ̀, bí ó ti máa ń ṣe bí ọjà bá tà dáadáa.

"Alihamudulilahi," ó ní. "Ìwọ nìkan kọ́ lò ń gbé lọ́hùn-ún nìyẹn."

Ó mú kẹ́tùlù omi rẹ̀, ó lọ ṣe àlùwàlá.